Ojúlọ́wọ́ Fi Ètè Kàwé

Ojúlọ́wọ́ kì í ṣe orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́. Ọmọ ilé ìwé kan ló fi pè é lọ́jọ́ kan nínú àwàdà, pé ojú bàbá yìí ti kúrò lórí, ó ti sọ̀ kalẹ̀ sọ́wọ́. Orúkọ bá lẹ̀ mọ́ ọn. Bàbá náà sì fẹ́ràn rẹ̀ gan-an, torí béèyàn bá fi ìwàǹwára pè é, ó máa ń dún bí ojúlówó. Ta ni kò fẹ́ kí wọ́n máa pe òun ní ojúlówó?

Ibi tí wọ́n ti ń tẹ ìwé àfọwọ́kà fún àwọn afọ́jú ló ti ń ṣiṣẹ́, ìwé oníkókó kéékèèké tí wọ́n ń pè ní bíréèlì. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé iṣẹ́ náà fún yín, torí inú iṣẹ́ náà gan-an ni ìbànújẹ́ wà. Akọ̀wé kan á fi ẹ̀rọ lu ọ̀rọ̀ sára àwo irin pẹlẹbẹ. Àwo yẹn á lọ sọ́dọ̀ Atẹ̀wé, òun á kọ́kọ́ fi tẹ ewé kan ṣoṣo, wọ́n á gbé ewé náà wá sórí tábìlì Ojúlọ́wọ́. Ìyá Ìbejì, tí ojú tirẹ̀ ríran, á jókòó sí ọ̀tún rẹ̀, á máa ka ìwé oníyíǹkì jáde, Ojúlọ́wọ́ á sì máa fi ìka tọ àwọn kókó náà lọ. Bí ohun tí etí gbọ́ bá yàtọ̀ sí ohun tí ìka bá pàdé, á ní, "Dúró." Wọ́n á lu àwo mìíràn, wọ́n á sọ ti àkọ́kọ́ sí kọ̀rọ̀. Bí kò bá sí àṣìṣe, á ní, "Ó pé." Tó bá ti ní ó pé, ó pé náà nìyẹn. Atẹ̀wé á tan ẹ̀rọ rẹ̀, ó di ẹgbẹ̀rún ewé.

Ọdún méjìlélógún ló fi wà lórí àga yẹn. Ó lè máa bá èèyàn jiyàn bọ́ọ̀lù lọ́wọ́, kí ìka rẹ̀ sì dúró gbagidi lórí kókó kan tí kò jinlẹ̀ tó. Ìyá Ìbejì a máa sọ pé, "Bàbá, bí èèrà bá gba orí ewé yìí kọjá, ẹ̀yin máa mọ̀ bóyá akọ ni àbí abo." Á rẹ́rìn-ín, á ní abo ni, torí kò dákẹ́ ẹnu.

Kí ojú rẹ̀ tó fọ́, wẹ́dà tó ń jó irin pọ̀ ni. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni nígbà tí sílíńdà gáàsì bú gbàmù lójú rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin mú un lọ sílé, wọ́n fi í sórí àga kan ní igun pálọ̀, níbi tí àwọn àlejò ń bọ́ bàtà sí. Ọdún mẹ́rin ló fi jókòó síbẹ̀. Àlejò á wọlé, á bọ́ bàtà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, á kọjú sí ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀, á bi í pé, "Ṣé ó ti jẹun?" Bí wọ́n ṣe ń béèrè ewúrẹ́ nìyẹn. Ojú ló fọ́ o, etí kò di. Gbogbo ohun tí wọ́n ń sọ nípa rẹ̀ ló ń gbọ́.

Ọjọ́ tí tíṣà afọ́jú kan wá síbẹ̀, tó fọwọ́ kan ọwọ́ rẹ̀, ohun tó sọ ni pé, "Ọwọ́ yìí ti yi jù. Ọwọ́ wẹ́dà ni, kò lè kàwé." Inú bí i. Ó ra sáńpépà, èyí tó kúnná jù lọ, ó ń fi ha orí ìka rẹ̀ láràárọ̀ títí tí ẹ̀jẹ̀ fi ń yọ, ó ń ki ọwọ́ bọ omi gbígbóná. Oṣù mẹ́sàn-án lẹ́yìn ìyẹn, ó ka gbólóhùn kan tán láìsí ẹni tó ràn án lọ́wọ́. Ó sunkún bí ọmọdé. Láti ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó tún bi ẹlòmíì bóyá ó ti jẹun.

Ó kọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn ní ìwé àfọwọ́kà kó tó bọ́ sí ilé ìtẹ̀wé, ṣùgbọ́n nínú ilé tirẹ̀, kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n kà. Ìyàwó rẹ̀ ní, "Ojú mi ń bẹ lórí mi. Kí ni mo fẹ́ fọwọ́ kàwé ṣe?" Àwọn ọmọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tẹ̀ lé ìyá wọn. Ó fi ṣe ẹ̀rín nígbà náà.

Àìsàn ṣúgà ló kó bá a. Nọ́ọ̀sì ti sọ fún un pé bí kò bá ṣọ́ra, àìsàn náà a máa pa ìmọ̀lára ìka ọwọ́ àti ìka ẹsẹ̀. Ìka ìjúwe ọwọ́ ọ̀tún ló bẹ̀rẹ̀. Ó kàn ṣàkíyèsí pé àwọn kókó náà ń jìnnà sí òun, bí ẹni tó wọ ìbọ̀sẹ̀ sọ́wọ́. Ó sún kíkà sórí ìka àárín. Ìyẹn náà kú. Ó gbé e sọ́wọ́ òsì. Kó tó pé oṣù mẹ́jọ, mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ti lọ. Ó lè di síbí mú, ó lè ti bọ́tìnnì bọ aṣọ, ṣùgbọ́n kó fọwọ́ lé ewé oníkókó kó mọ ohun tó wà níbẹ̀, ó tán. Ewé tó kún àti ewé tó ṣófo di ọ̀kan náà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ óò ní kí ló dé tí kò sọ. Ó rọrùn fún yín láti wí. Ta ni kò mọ̀ pé ó yẹ kó sọ? A kì í fini joyè àwòdì ká má lè gbé adìẹ, òun náà mọ òwe yẹn. Ṣùgbọ́n ní gbogbo ìgbà tó bá ti fẹ́ la ẹnu, igun pálọ̀ yẹn ló ń rí, bàtà àwọn àlejò ló ń gbóòórùn. Ẹ̀rù bà á. Ẹ̀rù bà á tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi di onírọ́ ní ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́ta.

Irọ́ náà kò sì le rárá, ohun tó burú níbẹ̀ nìyẹn. Ìyá Ìbejì ló ń ka ọ̀rọ̀ sí i létí. Kí ló kù? Kó kàn máa fọwọ́ fa ewé lọ bí ẹni ń lọ aṣọ, tí ewé bá tán, kó ní, "Ó pé." Nígbà míì, kó má bàa dà bíi pé ohun gbogbo ń dán jù, á ní, "Dúró! Tún ibẹ̀ kà." Ìyá Ìbejì á tún un kà. Á ní, "Ẹ̀n-ẹ́n, mo ti rí i. Ó pé." Ẹ ò rí ọgbọ́n àgbà! Ojú tì í nígbà àkọ́kọ́. Ó di ẹ̀ẹ̀kẹẹ̀wàá, ojú kò tì í mọ́.

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe tẹ Ìwé Kíkà Kìíní fún àwọn ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ bí a ti ń fọwọ́ kàwé. Ojú ewé kọkànlá ni ẹ̀kọ́ nípa ọwọ́ wà. Ohun tó wà nínú ìwé oníyíǹkì ni, "Fi ìka rẹ ka ìwé." Ọwọ́ akọ̀wé yẹ̀, ó fi àmì ohùn ìsàlẹ̀ kan sí ibi tí kò yẹ kó sí, ó sì ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà méje lójú ewé kan ṣoṣo. Ó wá di, "Fi ìkà rẹ ka ìwé." Ìka kan, ìkà kan. Ọwọ́ Ojúlọ́wọ́ gba orí méjèèje kọjá. Ó ní ó pé. Ẹgbẹ̀rún ìwé sì jáde.

Oṣù kan lẹ́yìn rẹ̀ ni lẹ́tà dé láti ilé ìwé kan, oníyíǹkì, sí Ọ̀gá ilé ìtẹ̀wé náà, pé àṣìṣe wà lójú ewé kọkànlá. Ọ̀gá pe gbogbo wọn jọ sí yàrá ẹ̀rọ.

"Bàbá," ni Ọ̀gá wí, "ẹ̀yin lẹ yẹ ojú ewé kọkànlá wò. Ṣé ó pé nígbà tó kúrò lọ́wọ́ yín?"

Ojúlọ́wọ́ mọ̀ pé ibi tí òun ti lè sọ òtítọ́ nìyí. Ó la ẹnu, ohun tó ti mọ́ ọn lára ló bọ́ jáde. "Ó pé."

"Ẹ ti gbọ́," ni Ọ̀gá wí. "Ọwọ́ yẹn kì í ṣàṣìṣe. Àwo tí a ti sọ sí kọ̀rọ̀ ni Atẹ̀wé gbé sórí ẹ̀rọ."

Atẹ̀wé kì í ṣe ẹni tí ń pa ẹnu mọ́. Bí ẹ̀rọ bá ń pariwo, òun a máa pariwo jù ú lọ, àwàdà ló máa ń ṣe láti òwúrọ̀. Ọ̀rẹ́ Ojúlọ́wọ́ ni, òun ló ń fún un ní ìgbọ̀nwọ́ dì mú dé ibùdókọ̀ nírọ̀lẹ́. Ẹ̀gbọ́n ló ń pè é. Lọ́jọ́ yìí, ohùn rẹ̀ rọlẹ̀.

"Ọ̀gá, kò sí àwo kejì. Ọ̀kan péré ni wọ́n gbé fún mi."

"Ṣé Bàbá ló ń parọ́ nígbà náà?"

Ojúlọ́wọ́ ń retí ìdáhùn bí ẹni ń retí ìgbátí.

"N kò sọ bẹ́ẹ̀," ni Atẹ̀wé wí.

Ọjọ́ Ẹtì ọ̀sẹ̀ yẹn ni wọ́n dá Atẹ̀wé dúró lẹ́nu iṣẹ́. Ó wá dágbére lẹ́nu ọ̀nà, ó gbọn ọwọ́ Ojúlọ́wọ́, ó ní kó máa ṣọ́ gọ́tà tó wà níwájú géètì. Ojúlọ́wọ́ dá a lóhùn pé Ọlọ́run yóò ṣe é. Ẹ gbọ́ o! Ó ń tọrọ lọ́wọ́ Ọlọ́run ohun tí ẹnu tirẹ̀ lè ṣe ní ìṣẹ́jú kan.

Oṣù méjì kọjá. Lẹ́tà mìíràn wá dé, orúkọ Ojúlọ́wọ́ ló wà lára rẹ̀. Ìyá Ìbejì ló gbé e fún un. "Bàbá, tiyín nìyí. Ó wúwo. Kókó ló wà nínú ẹ̀." Ìwé àfọwọ́kà ni. Ìyá Ìbejì kò mọ̀ ọ́n kà. Akọ̀wé lè fojú kà á, ṣùgbọ́n báwo ni Ojúlọ́wọ́ ṣe fẹ́ gbé ìwé fún akọ̀wé pé kó bá òun kà á? Ní ilé ńkọ́? Kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n kà nílé. Ó fi lẹ́tà náà sápò fún ọjọ́ mẹ́sàn-án. Ó ń fọwọ́ pa á lára nínú àpò, ó dà bí ìgbà tó ń fọwọ́ pa páálí.

Nígbà tó jẹ ẹ́ lọ́kàn dé góńgó, ó rántí ọkùnrin kan tí wọ́n sọ fún un nílé ìwé láyé ọjọ́un, tí kò lójú tí kò sì lọ́wọ́, tó ń fi ètè kàwé. Ó wọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ibi iṣẹ́, ó ti ilẹ̀kùn, ó jókòó sórí ìdérí, ó gbé ewé náà kan ẹnu. Ó kọ́kọ́ fi ahọ́n gbìyànjú, itọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ pépà. Ó pa ahọ́n tì, ó fi ètè ìsàlẹ̀ tọ̀ ọ́. Áà! Kókó náà dúró. Ó gbọ́ wọn. Ó ti lé lọ́dún kan tí ìwé ti bá a sọ̀rọ̀ kẹ́yìn. Ó fẹ́ kígbe ayọ̀ nínú ilé ìgbọ̀nsẹ̀.

Ayọ̀ náà kò pẹ́. Tíṣà kan tí òun fúnra rẹ̀ kọ́ ló kọ lẹ́tà náà. Ó kí i, ó béèrè ìlera rẹ̀, ó wá ní:

"Bàbá mi, àwọn ọmọ rẹ́rìn-ín nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ ka ojú ewé kọkànlá. Ọmọbìnrin kan wà láàárín wọn, ọmọ ọdún méje, kò tíì pẹ́ tó dé ọ̀dọ̀ wa. Kò rẹ́rìn-ín. Ó bi mí pé ṣé torí pé àwọn jẹ́ ìkà ni ojú àwọn ṣe fọ́. Ó ní wọ́n ti sọ bẹ́ẹ̀ fún òun nílé, òun ò gbà á gbọ́, àmọ́ ó ti wà nínú ìwé báyìí. Láti ọjọ́ náà, ó kọ̀ kò fọwọ́ kan ìwé mọ́. Orúkọ yín wà lẹ́yìn rẹ̀, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé kì í ṣe ọwọ́ yín ni ìwé yìí gbà jáde. Ọwọ́ tó kọ́ mi kò lè fo àṣìṣe méje kọjá. Ta ni wọ́n fi sí ipò yín? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa lé e kúrò."

Ẹnìkan kan ilẹ̀kùn. "Bàbá, ṣé kò sí o? Ó ti pẹ́."

"Inú ló ń run mí," ni ó wí. Kò parọ́.

Ó jókòó síbẹ̀ pẹ̀lú ewé lẹ́nu. Ojúlọ́wọ́ tí kì í ṣe ojúlówó. Ó korò lẹ́nu rẹ̀ bí ewúro. Nígbà tó dìde, kò padà sí àga rẹ̀, ó fi ògiri tọ ọ̀nà lọ sí ọ́fíìsì Ọ̀gá.

"Ọ̀gá, ìka mi ti kú. Ó ti lé lọ́dún kan. Èmi ni mo fi ojú ewé kọkànlá sílẹ̀. Atẹ̀wé kò mọwọ́mẹsẹ̀."

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín. "Bàbá, àánú ọ̀rẹ́ yín ló ń ṣe yín."

"Ẹ fún mi ní ewé kan, ẹ máa rí i."

Ọ̀gá fi ewé kan síwájú rẹ̀. Ojúlọ́wọ́ fa ọwọ́ lé e lórí, ó ní òun ò mọ ohun tó wà níbẹ̀.

"Èmi náà lè di ojú, kí n ní n ò ríran," ni Ọ̀gá wí.

Ẹ ò rí ayé bí? Odindi ọdún kan ló fi parọ́ pé òun lè kàwé, kò sẹ́ni tó já a. Ọjọ́ tó sọ òótọ́ pé òun ò lè kà á, wọ́n ní irọ́ ló ń pa. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀bẹ̀. Ó ní kí wọ́n gún òun lábẹ́rẹ́ lórí ìka wò. Ọ̀gá dìde, ó ti ilẹ̀kùn, ohùn rẹ̀ sì yí padà.

"Bàbá, ẹ jẹ́ ká bá ara wa sọ̀rọ̀. Gbogbo ilé ìwé ló ti ní kí a tún ìwé yìí tẹ̀. Torí ọwọ́ yín ni wọ́n ṣe ń gbà á, orúkọ yín ló wà lẹ́yìn ìwé. Bí ìka yín kú o, bó wà láàyè o, ẹ lọ jókòó sórí àga yín. N óò ní kí akọ̀wé máa fojú bá yín yẹ̀ ẹ́ wò. Kò sẹ́ni tó máa gbọ́."

"Atẹ̀wé ńkọ́?"

"Mo ti gba ẹlòmíì. Ṣé kí n lé ìyẹn ni?"

Ọjọ́ Sátidé, ní ọ̀sán gangan, Ojúlọ́wọ́ dá wọ bọ́ọ̀sì, ó béèrè ọ̀nà títí ó fi dé ilé Atẹ̀wé. Yàrá kan ni, ẹ̀rọ ìránṣọ ń dún níbẹ̀. Ìyàwó Atẹ̀wé ló ń rán aṣọ. Ẹ̀rọ náà dákẹ́ bó ti wọlé. Wọ́n fún un ní àga, wọ́n fún un lómi, kò mu ún. Ó sọ ohun gbogbo, láti orí ìka àkọ́kọ́ títí dé ọ́fíìsì Ọ̀gá, kò fi ọ̀kan bò. Ó ń retí kí wọ́n bú òun.

"Mo mọ̀, Ẹ̀gbọ́n," ni Atẹ̀wé wí.

"O mọ kí ni?"

"Láti ìgbà òjò èṣín. Mo gbé ewé kan sórí tábìlì yín, mo dojú rẹ̀ dé láìmọ̀. Kókó wà nísàlẹ̀, ihò ló wà lókè. Ẹ fọwọ́ tọ̀ ọ́ láti òkè dé ìsàlẹ̀, ẹ ní ó pé. Mo rò pé ẹ ń bá mi ṣàwàdà. Mo dúró títí kí ẹ rẹ́rìn-ín." Ó fa àga rẹ̀ sún mọ́ ọn. "Láti ìgbà yẹn ni mo ti ń fojú yẹ ewé wò kí n tó tẹ̀ ẹ́. Èyí tí mo bá rí, mo máa ń yọ́ sọ fún akọ̀wé, á tún un lù. Àmì ohùn ni n ò mọ̀ dáadáa. Òun ló jẹ́ kí ti ìka yẹn fò mí ru."

Ojúlọ́wọ́ bi í pé, "Kí ló dé tí o kò sọ ọ́ lójú Ọ̀gá?"

"Kí n sọ kí ni? Èmi lójú. Mo rò pé láàárín ọ̀sẹ̀ kan, màá ti ríṣẹ́ míì. Ẹ̀yin ńkọ́? Ibo lẹ fẹ́ gbà?"

Atẹ̀wé kò tíì ríṣẹ́ kankan. Ojúlọ́wọ́ kò béèrè, ṣùgbọ́n ọ̀sán Sátidé nìyẹn, kò gbọ́ òórùn oúnjẹ kankan, ọmọ mẹ́ta sì wà nínú yàrá náà tí kò sẹ́ni tó ń ṣeré nínú wọn. Ó wù ú kí ọkùnrin náà gbá a létí. Èèyàn lè ru èébú délé, á sọ ọ́ kalẹ̀ lọ́nà. Àánú ni kò ṣeé rù. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, ó ní kí wọ́n dárí ji òun, Atẹ̀wé ń sọ pé ó ti tán, Ẹ̀gbọ́n, ó ti tán.

Ìyàwó Atẹ̀wé ló wá dá sí i.

"Bàbá," ni ó wí, "mo fẹ́ bi yín ní ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo."

"Bi mí, ìyá mi."

"Tó bá di Mọ́ńdè, ibo lẹ̀ ń lọ?"

Ojúlọ́wọ́ fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú rẹ̀.

"Ibi iṣẹ́," ni ó wí, "orí àga mi."

Obìnrin náà ní òun ti gbọ́. Ó padà sídìí ẹ̀rọ rẹ̀, ó sì ń rán aṣọ rẹ̀ lọ.